Adìyẹ Tó Sàba Lé Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ìwọ tí mo gbé jókòó síwájú lọ́rì kó o tó mọ ìrìn, mo kí ẹ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ọkọ ẹ le? Ṣé ẹ̀rọ tó o fi ń ránṣọ níbi iṣẹ́ ẹ ò gún ẹ lọ́wọ́ mọ́? Ìlú tó o lọ kò ní gbé ẹ mì. Ohun tó o bá dáwọ́ lé kò ní já mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn tí ayé yẹ, wọ́n á ka tìẹ mọ́ ọn. Àmín. Tó o bá ti ṣe àmín tán, wá ibi jókòó dáadáa, torí lẹ́tà yìí gùn, mi ò sì mọ̀ ọ́n kọ bí àwọn tó lọ síléèwé ṣe ń kọ ọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀yìn lọ́rì ni mo ti kọ́ ìwé. Ohun tí wọ́n bá kọ sẹ́yìn ọkọ̀ tó wà níwájú wa ni mo máa ń kà títí a ó fi dé ibi tí à ń lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi máa ń dà bí ìkìlọ̀ nígbà mìíràn.

Owó tó o fi ránṣẹ́ dé o, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn báǹkì yẹn, mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi mì, ó pa mí mọ́ àárín, obìnrin kan wá ń bá mi sọ̀rọ̀ látinú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò rí i. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá, kò dáhùn, ó kàn tún ohun tó ti sọ sọ ni. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn pọ̀ mí síta. Wọ́n ní irin ló wà lára mi. Mo kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, mo bọ́ bẹ́líìtì, mo fi ọwọ́ di ṣòkòtò mú wọlé. Mo sọ fún ọmọ tó jókòó nínú ilé onígíláàsì pé kó kọ́kọ́ mú owó tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ gan-an jáde kí n rí i, torí mo mọ bó o ṣe máa ń ká owó sí mẹ́rin. Ó ní owó tó o san síbẹ̀ yẹn kọ́ ni àwọn máa fún mi, òmíràn ni. Mo ní ta ló wá gba tìẹ? Ó wò mí títí, ó ní ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín. Mo gba òmíràn yẹn. Ó ná bí owó ṣe ń ná.

Ilé wà bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Òrùlé yàrá ìyá ẹ ń jò lápá ojú fèrèsé, mo gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà, mi ò tíì lè sùn sápá ògiri tí ìyá ẹ máa ń sùn sí. Etí ni mo ṣì ń sùn, bí ẹni tó ń retí pé kí ẹnìkan wọlé kó ní kí òun kọjá. Mo ti já bọ́ rí. Mo bú bẹ́ẹ̀dì, mo dìde, mo padà sùn sétí náà.

Oníbéèrè ọmọ ẹ ń bẹ. Ó ga sí i. Eyín iwájú ti ká, òmíràn ti ń yọjú. Láti ìgbà tí ìyá ẹ ti lọ, èmi ni mo ń di irun ẹ̀. Èmi tí mo ti fi okùn di ẹrù tó ga ju ilé lọ, tí kò sì sí èyí tó já bọ́ lójú títì, irun orí ọmọ ọdún mẹ́fà wá sọ mí di ọmọ iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe ń di ẹrù ni mo ṣe dì í, mo fi orúnkún ti àga, mo fà á. Ó ní Bàbá, ojú mi ò pa dé mọ́. Nígbà tó dé iléèwé, tíṣà bi í pé ta ló dirí fún un. Ó ní Bàbá òun ni, pé wọ́n ní kò lè tú títí àwọn ó fi débẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní sáà yìí ni ọ̀rọ̀ ẹranko àti ẹyẹ. Ìwé náà ní àwòrán, kìnnìún ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀, mi ò mọ ẹni tó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín fún un. Ìwé náà ní ẹyẹ ni ohun tí ìyẹ́ bo ara ẹ̀, tó ní àgógó, tó ní ẹsẹ̀ méjì, tó sì ń yéyin. Ó ní èyí tí irun bo ara ẹ̀, tó ń bímọ láàyè, tó sì ń fọ́mọ lọ́mú, ìyẹn tún yàtọ̀. Èmi àti ọmọ ẹ la jọ ń kà á lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Mi ò ní bò ó fún ẹ, èmi ni mo mú kó gba òdo àkọ́kọ́. Wọ́n béèrè pé àdán ńkọ́, ṣé ẹyẹ ni. Mo ní kí ló wá le níbẹ̀, ohun tó bá ti gbéra nílẹ̀ tó fò, ẹyẹ ni, kọ ọ́ sílẹ̀. Tíṣà fi báírò pupa fà á já.

Mo wọ bàtà, mo lọ síléèwé lọ bá àdán rojọ́. Tíṣà yẹn kéré lọ́jọ́ orí, ohùn ẹ̀ rọlẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní Bàbá, àdán ò ní ìyẹ́, kì í yéyin, ọmọ ló ń bí, ó sì ń fún un lọ́mú. Mo ní àdán? Ó ní àdán. Mo ní ọmú ẹ̀ dà? Ó ní ó wà níbẹ̀, Bàbá. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, gbogbo ọ̀nà tí mo tọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé àdán lọ́mú. Mo padà sílé, mo jókòó sábẹ́ igi tí wọ́n so rọ̀ sí, mo ń wò wọ́n. Mo ní ẹ̀yin yìí, pẹ̀lú bí ẹ ṣe dorí kodò yìí, ẹ tún gbé ọmọ mọ́ra. Mi ò fi pa òwe fún ẹnikẹ́ni o. Ohun tí tíṣà sọ ni mo sọ.

Ìwé náà tún ní ìjàpá máa ń gbẹ́ ilẹ̀, á yéyin síbẹ̀, á fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, á bá tiẹ̀ lọ. Oníbéèrè bi mí pé ṣé ó máa ń padà wá wò ó. Mo ní ìjàpá ò lè yára rìn, bóyá ó ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ṣó o rántí pẹ́pẹ́yẹ funfun ìyá ẹ, èyí tó máa ń sọ àlejò lẹ́sẹ̀? Alùpùpù pa á. Ó ti ń sàba lọ́wọ́ nígbà náà, ó kàn dìde lọ mumi ni. Mo fọwọ́ kan ẹyin ẹ̀, ó ṣì gbóná. Ìwọ náà mọ ohun tí à ń ṣe tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, a kì í da ẹyin nù, ẹni tó ní adìyẹ tó ń sàba á dúró kó lọ jẹun, á ti ẹyin náà sábẹ́ ibi tó ń sùn. Ẹyin kì í béèrè ẹni tó wà lórí òun, tó bá ṣáà ti móoru. Mo kó ti adìyẹ kúrò, mo kó ti pẹ́pẹ́yẹ síbẹ̀. Adìyẹ padà dé, ó wò ó, ẹyin ti tóbi sí i, ó tún wò ó, ó wá ṣe bí ẹni pé òun ló ṣì í wò tẹ́lẹ̀. Ó jókòó.

Ẹyin náà pa, ọmọ jáde. Ẹnu wọn pẹlẹbẹ bí ṣíbí, awọ wà láàárín ìka ẹsẹ̀ wọn. Adìyẹ ń kó wọn kiri, ó ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Òjò wá rọ̀, kòtò ẹ̀yìn ilé kún. Wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n bọ́ sómi, wọ́n ń lọ. Adìyẹ kù létí omi, ó ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀, ó ń ké bí obìnrin tí ọkọ̀ gbé ẹrù ẹ̀ lọ. Oníbéèrè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ó ní ṣé adìyẹ mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọmọ òun? Mo ní kò mọ̀. Ó ní àwọn ọmọ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀? Mo ní kó lọ wá ṣíbí wá, ká jẹun.

Bí mo ṣe rò ó mọ́ra nìyẹn, torí ìwọ náà mọ ohun tó wà nílẹ̀. Nígbà tí bàbá Oníbéèrè ti na pápá bora, tó o sì já ọmọ lẹ́nu ọmú, tó o lọ síbi iṣẹ́, ìyá ẹ ló ń pè ní Màmá. Ìyẹn ò burú, bí ọmọ ṣe ń pe ìyá àgbà nìyẹn. Ọkọ ẹ wá dé, o pè wá lórí fóònù, o ní ká kọ́ ọ kó máa pè ẹ́ ní Àǹtí, pé ọkùnrin náà ò tíì mọ̀ pé o bímọ, pé tí gbogbo nǹkan bá ti fìdí múlẹ̀ wàá sọ fún un. Ìyá ẹ ò fẹ́. Ó ṣe é nítorí ẹ. Èmi ní ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lásán ni, ọkọ̀ máa ń yà bọ́ ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí títì bá bàjẹ́ níwájú, á sì padà sórí títì. Níjọ́ tí a sin ìyá ẹ, ọmọ yìí dì mọ́ pósí, ó ń pe Màmá mi, Màmá mi. Ọkọ ẹ ló gbé e, ó fún un ní bisikí, ó ní àbúrò ìyàwó òun kékeré yìí fẹ́ràn ìyá ẹ̀ o. O wolẹ̀. Mo rí ẹ bó o ṣe wolẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé wá nìyí. Tíṣà ránṣẹ́ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìyá ẹ̀ wá síléèwé. Ọmọ á ṣe bí ọmọ ẹran tàbí ọmọ ẹyẹ kan, ìyá á ṣe bí ìyá ẹ̀, ọmọ á wá dìde sọ ohun tó bo ara òun àti bí wọ́n ṣe bí òun. Mo ní ta la máa wá mú lọ báyìí? Oníbéèrè ní kì í ṣe nǹkan tó le, òun á ṣe pẹ́pẹ́yẹ, èmi ni kí n ṣe adìyẹ.

Mo ṣa ìyẹ́ tó já sílẹ̀ lágbàlá, mo lọ gba gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táyà. Ó ní táyà wo ló jò, mo ní èmi ni. Mo lẹ ìyẹ́ mọ́ jákẹ́ẹ̀tì tí mo máa ń wọ̀ nínú lọ́rì nígbà òtútù. Gọ́ọ̀mù gidi ni, torí títí di ìsinsìnyí kò ṣí, bẹ́ẹ̀ jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Tí mo bá ń kọjá lọ lówùúrọ̀, àwọn èèyàn máa ń kí mi pé adìyẹ àgbà, ṣé o ti yé? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé mo ṣì ń wá ibi tó gbẹ.

Àga tí wọ́n fún wa nínú kíláàsì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún mi fi ń kan àgbọ̀n mi. Ìyá ni gbogbo wọn, èmi nìkan ni àkùkọ. Ọmọ kan dìde, ó ní ewúrẹ́ lòun, irun ló bo ara òun, ìyá òun bí òun ni, kò yé òun. Ìyá ẹ̀ fi ọwọ́ ṣe ìwo sórí, ó ké mẹ̀ẹ̀, a pàtẹ́wọ́. Ó wá kan tiwa. Mo gbọn ìyẹ́, mo fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Oníbéèrè dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé.

“Pẹ́pẹ́yẹ ni mí. Ìyẹ́ ló bo ara mi. Ìyá mi yé mi, ó wá kú. Adìyẹ ló sàba lé mi. Kò mọ omi wẹ̀, àmọ́ ó máa ń sìn mí dé etí omi.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà fa imú, ó ní ó káre, ti pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn, òun fúnra ẹ̀ wá ńkọ́ nílé? Oníbéèrè ní bákan náà ni. Màmá òun ti kú, Bàbá ló kù. Ìyá ẹlẹ́rọ tó ń lọ àgbàdo nísàlẹ̀ ọ̀nà jókòó nítòsí mi, ó fi ẹ̀wù dúdú ṣe màlúù. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu ẹ̀ ló dà bí ẹ̀rọ ẹ̀, tó bá ti tan, ó di ìgbà tí epo bá tán. Ó ní ta ló kú? Ó ní ìyá àgbà ẹ ló kú, ọmọ yìí, ìyá tó bí ẹ ń bẹ láàyè nígboro, ẹni tó ò ń pè ní Àǹtí yẹn ni.

Mo dìde, àga yẹn bá mi dìde, ó há mọ́ mi nídìí, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oníbéèrè wojú mi. Ojú mi ló ti rí ìdáhùn, torí mi ò rí ohun kankan sọ. Èmi tí ẹnu mi ti gba ẹrù lọ́wọ́ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà láìmọye ìgbà.

A jọ ń lọ sílé, ó ń lọ níwájú, kò dì mí lọ́wọ́ mú. Mo ń dúró kó béèrè ìdí tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń to ìdáhùn jọ nínú lọ́hùn-ún, pé iṣẹ́ ni, pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, pé tó o bá dàgbà wàá mọ̀. Kò béèrè ìkankan nínú ẹ̀. A dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ní:

“Bàbá, ṣé Àǹtí mọ̀?”

Mo ní ó mọ̀.

Ó ní hùn. Ó wọlé, ó lọ fi apẹ̀rẹ̀ bo àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ aṣọ iléèwé, ó ká a. Ọmọ mi, n bá ti gbà kó sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn kò tíì bi mí ní nǹkan kan. Oníbéèrè! Mo sọ fún un pé ejò lẹ́sẹ̀, kó lè bá mi jiyàn. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo ra bisikí, ó dúpẹ́, ó jẹ ẹ́ bí àlejò. Lọ́sàn-án tó o pè lórí fóònù, tí mo ní ó ti sùn, kò sùn. Ó dúró síwájú mi. Òun ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù tiẹ̀ mú ojú ẹ wá, mo yí i sọ́dọ̀ ẹ̀ kó lè rí ẹ, mo rò pé tí ìwọ náà bá rí i wàá mọ̀ fúnra ẹ, ṣùgbọ́n iwájú orí mi nìkan lo ní ò ń rí. Mo bínú sí fóònù náà.

Ìyá ẹlẹ́rọ gbé ìyẹ̀fun wá bẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì. Mo gbà á, torí ìyẹ̀fun ò ṣẹ̀ mí. Mi ò bá a jà. Ohun tó sọ, èmi ló yẹ kí n sọ ọ́, ìwọ ló sì yẹ kó o sọ ọ́ ṣáájú mi. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn lọ́rì pé òtítọ́ ò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ ọ́ sí, nínú kòtò ló wà nígbà tí mo rí i, ṣùgbọ́n a ṣì ń ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kedere.

Ọkọ ẹ, mo wò ó dáadáa níjọ́ ìsìnkú. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó ti rẹ̀. Mo ti bá oríṣiríṣi dírẹ́bà ṣiṣẹ́, mo mọ irú ẹni tó máa já ẹrù ẹlẹ́rù sílẹ̀ lọ́nà. Kò jọ wọ́n lójú mi. Àmọ́ mo lè ṣì í wò, torí bàbá ọmọ ẹ náà, mo pè é ní ọmọlúàbí rí. Tí ọkọ ẹ bá bínú, tó ní kó o máa lọ, yàrá ìyá ẹ wà níbí, a ó sún bẹ́ẹ̀dì kúrò níbi tó ń jò. Ìtìjú kì í pa èèyàn, ọmọ mi. Ó kàn máa ń mú un tẹríba lọ́jọ́ tó yẹ kó gbé ọmọ ẹ̀ ni.

Mi ò lè bá ẹ sọ ọ́. Ẹnu mi ló ti gbọ́ Àǹtí, tí mo bá tún sọ òmíràn fún un, kò ní mọ èyí tí òun máa gbà. Ẹnu ẹ ló ń dúró dè. Má sì rò pé mo fẹ́ lé e. Ta ni màá máa dirí fún? Ta ló máa bá mi ka ohun tí àdán jẹ́? Tó bá ti lọ, èmi àti adìyẹ ló kù, adìyẹ ò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Má fi sí báǹkì mọ́, gbé e fún dírẹ́bà tó ń gba ọ̀nà wa, kí n lè rí èyí tó o ká sí mẹ́rin. Owó ẹni méjì ni kó o fi ránṣẹ́ ní àlọ, ẹnì kan ní àbọ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ tó bá jókòó lórí itan kì í sanwó, èmi fúnra mi ni mo máa ń kéde ẹ̀ fáwọn èrò nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ san owó ìjókòó tiẹ̀, kó jókòó bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ.

Tá a bá sọ̀ ní gáréèjì, kí ọkọ ẹ wà níbẹ̀. Má dúró kí ọmọ yìí kọ́kọ́ pè ẹ́, kò mọ orúkọ tí òun máa pè. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ pè é. Ohun tó o bá pè é lójú ọkọ ẹ, òun ni yóò jẹ́ títí ayé.

Ọlọ́run á fún ẹ lẹ́nu tí wàá fi sọ ọ́, á fún ọkùnrin yẹn létí tí yóò fi gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ẹ kò ní yẹ̀ níbi tó o bá dúró sí. O ò ní sin ọmọ, ọmọ ló máa sin ẹ́, lọ́jọ́ tó jìnnà, tí orí ẹ bá ti funfun, yóò sì mọ ẹni tí òun ń sin.

Èmi ni, bàbá ẹ.